Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Káàdì Tó Ní Chip Lára

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ káàdì ló sì kún inú wọn, káàdì báńkì, káàdì ìdìbò, sím, káàdì mítà, títí dórí èyí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣebí kò sẹ́ni tí ò ní méjì mẹ́ta nínú pọ́ọ̀sì mọ́ l'Ọ̀ṣogbo, tó fi mọ́ àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ oní-POS bẹ̀rẹ̀ torí tiẹ̀ ló gùn jù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ṣe POS nítòsí Ọ̀làìyá. Bàbá àgbà kan wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ìyàwó àwọn ti fọ káàdì àwọn pọ̀ mọ́ ṣòkòtò, pé kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wò ó bóyá owó àwọn ti bómi lọ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo rò ó, èmi gan-an ò mọ ohun tó wà nínú nǹkan góòlù iwájú káàdì yẹn. Àti pé kí ló dé tí ẹ̀rọ wa fi máa ń sọ pé kí n má yọ káàdì, tí n bá yọ ọ́ kó tó parí, gbogbo ẹ̀ á dàrú?
Oní-POS, Ọ̀làìyá

Èsì: Àbúrò, ẹ̀rín yẹn ò burú, ṣáà má jẹ́ kí bàbá rí i, àgbà ò fẹ́ kéèyàn fi òun rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ owó. Sọ fún wọn pé owó wọn wà ní báńkì digbí, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú káàdì yẹn. Ohun tó wà lábẹ́ góòlù yẹn, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, kọ̀ǹpútà gidi ni mo ní o, ó ń ṣírò, ó ní ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí, ó kàn jẹ́ pé kò ní bátìrì, kò sì ní ojú téèyàn ń wò ni. Góòlù tí ò ń rí kọ́ ni chip fúnra ẹ̀, ibi tí iná àti ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé ni, chip wà lẹ́yìn ẹ̀, ó kéré jọjọ. Mú káàdì kan báyìí kó o gbé e sún mọ́ ojú, wàá rí ìlà tín-ín-rín tó pín góòlù yẹn sí ojú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ojú kan ni iná ń gbà wọlé, ọ̀kan ni iná ń gbà padà, ọ̀kan wà fún kí wọ́n fi tún chip bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ló ń sọ bó ṣe máa yára tó, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tó tún ń gbà jáde. Mẹ́jọ ni ìlànà àgbáyé là sílẹ̀, ISO 7816 ni wọ́n ń pe ìlànà yẹn, àmọ́ méjì nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ káàdì fi ní mẹ́fà péré.

Tó o bá wá ki káàdì bọ POS, iná inú POS ló ń jí chip. Ẹ̀rọ á bi í pé ta ni ẹ́, báńkì wo lo ti wá, káàdì á dáhùn, kọ́sítọ́mà á tẹ PIN, ẹ̀rọ á sọ iye owó tó fẹ́ gbà, chip á wá mú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí báńkì ti tọ́jú sínú ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, á fi ṣírò nọ́ńbà kan jáde tí kò ní jọ ti àná tí kò sì ní jọ ti ọ̀la, nọ́ńbà yẹn ni POS á fi ránṣẹ́ sí báńkì, báńkì náà á ṣírò tiẹ̀, tí méjèèjì bá bára mu wọ́n á jẹ́ kí owó lọ. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í jáde nínú chip láéláé, ìwọ oní-POS ò lè rí i, olè náà ò lè rí i. Tó o bá wá fa káàdì yọ láàárín, o ti paná mọ́ ọn lójú, kò sì ní bátìrì tó máa fi rántí ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó di kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Kì í bàjẹ́ o, ó kàn dàrú fún ìgbà yẹn ni. Èyí tí wọ́n á ti dẹ́bíìtì kọ́sítọ́mà tí POS tìẹ á ní kò lọ, ẹ̀bi chip kọ́ nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó, tí ìròyìn ò sì tíì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìwọ náà lè ti kéré nígbà yẹn, àmọ́ ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà yẹn dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri, ẹni tó bá ń kọjá lọ á kàn dà á kọ ni. Àwọn gbájú-ẹ̀ á fi ẹ̀rọ tín-ín-ín kan há ẹnu ATM, á da ìlà yẹn kọ, wọ́n á ṣe káàdì míì tó jọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí CBN lé àwọn báńkì wa bọ́ sórí chip nígbà tó ń lọ sí 2010. Àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wa tipẹ́, àwọn ará Jámánì méjì, Jürgen Dethloff àti Helmut Gröttrup, ti fi ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (patent) sílẹ̀ lórí ẹ̀ láti 1968, Roland Moreno ará Faransé fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1974, nígbà tó di 1983 àwọn Faransé ti ń fi káàdì oní-chip pe fóònù ojú títì, tó fi di 1992 tí gbogbo káàdì báńkì wọn ní chip. EMV tẹ́ ẹ máa ń rí, Europay, MasterCard àti Visa ni, àwọn ló jọ ṣe ìlànà tí POS tìẹ ń tẹ̀ lé yẹn.

Ní ti fífọ̀, kí bàbá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, omi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù ni kí ìyàwó wọn má fi lọ̀ ọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń dùn mí lọ́rọ̀ ẹ̀yin oní-POS, n ó sì sọ ọ́. Chip yẹn, ọgbọ́n tí wọ́n dà sí i kì í ṣe kékeré, olè tó fẹ́ já a á pẹ́ kó tó rí i ṣe. Bàbá á wá dé ìdí tábìlì, á na káàdì sí ẹ, á ní "PIN mi ni báyìí báyìí", sókè, kedere, èèyàn mẹ́rin tó tò sẹ́yìn ẹ̀ á gbọ́, ọmọ tó ń ta púùpù á gbọ́, ìwọ náà á sì bá a tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ogún ọdún ṣe ti dòfo nìyẹn. Jọ̀ọ́, yí ẹ̀rọ sí wọn, fi ìka wọn sórí nọ́ńbà tó bá pọn dandan, kí ìwọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wọn ò bá ríran dáadáa kí wọ́n mú ọmọ wọn dání.

Ẹ nlẹ́ o, olóòtú. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n fún mi ní káàdì tuntun ní báńkì, ó ní àmì ìlà mẹ́rin kan tó tẹ̀ lára. Ọmọ mi ní tí mo bá fi sápò gba inú Ọjà Ọba kọjá, ẹnì kan lè gbé POS sún mọ́ mi kó fa owó mi láì jẹ́ pé mo mọ̀. Mo ti fi fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran wé e báyìí. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Aládìrẹ

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ọjà á tà. Ọmọ yín ò parọ́ pátápátá, ó kàn bù mọ́ ọn ni. Káàdì tó ní àmì yẹn, wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n ká yípo sínú ike ẹ̀, ẹ ò lè fojú rí i àfi tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, nígbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní rí i. Tí káàdì bá sún mọ́ POS, ìgbì rédíò tó ń jáde lára POS, megahertz 13.56, ló máa bọ́ sínú wáyà yẹn tó máa di iná fún chip, wọ́n á wá jọ sọ̀rọ̀ láì fara kanra. Iná yẹn kéré, ìyẹn ni kò fi lè jìnnà ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ, tí ẹni náà bá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí yín kò rí nǹkan kan gbà.

Ṣé ẹnì kan lè fi POS gba ara yín lára nínú èrò? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ wò ó, POS yẹn gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì lẹ́yìn, àkáǹtì yẹn sì ní BVN ẹnì kan lórí, olè tó bá fi orúkọ ara ẹ̀ gbowó yín ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé ẹjọ́ ẹ̀. CBN náà ti gbé òfin jáde ní 2023 pé èyí tí wọ́n á gbà láì tẹ PIN ò gbọdọ̀ ju ₦15,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ lọ́jọ́ kan ò sì gbọdọ̀ ju ₦50,000 lọ. Owó ni o, n ò ní kì í ṣe owó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó ọjà yín. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ní kí báńkì bá yín pa ti fọwọ́kàn yẹn, káàdì á ṣì máa ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ki i bọ inú ẹ̀rọ. Fóìlì tẹ́ ẹ fi wé e náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìgbì yẹn kì í gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Irú káàdì yìí náà ni wọ́n fi ń wọ mọ́tò nílẹ̀ òkèèrè, Hong Kong ti ń lo Octopus láti 1997, London ń lo Oyster láti 2003, Èkó náà ń fi Cowry wọ BRT àti rélùwéè Blue Line. Octopus yẹn yàtọ̀ sí ti báńkì o, owó wà nínú káàdì yẹn lóòótọ́. Àwa níbí ṣì ń bá oní-kòrópè fa ọ̀rọ̀ ṣénjì.

Chip káàdì mi ti dúdú, ó máa ń pẹ́ kí POS tó kà á. Rúùmétì mi ní kí n fi ìrésà nù ún, ẹlòmíì ní itọ́. Ẹ̀gbẹ́ góòlù yẹn kan sì ti fẹ́ẹ́ ṣí, ṣé kí n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́?
Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Èsì: Itọ́ kẹ̀? Rárá. Ìrésà tó rọ̀, tó o bá rọra fi nù ún, dára, aṣọ tí wọ́n fi spirit díẹ̀ kàn náà dára, kó o jẹ́ kó gbẹ. Gúlúù ni kó o má dán wò, á ṣàn bọ́ sáàárín ojú góòlù, á tún lẹ̀ mọ́ inú ATM, káàdì á há síbẹ̀. Tí góòlù bá ti ń ṣí, káàdì yẹn ti ń lọ nìyẹn, lọ gba òmíràn. Má fi sí àpò ìdí mọ́, jíjókòó lé e ló ń ṣẹ́ ẹ.

Olóòtú, mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé. Káàdì ìdìbò mi ti ń bó, mo ní chip ẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n dìbò? Àti pé ṣé òótọ́ ni pé ìtẹ̀ka mi wà nínú káàdì yẹn?
Bàbá Òkè-Baálẹ̀

Èsì: Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Òótọ́ ni. PVC yẹn ní chip, ìtẹ̀ka yín sì wà nínú ẹ̀. Ní 2015 tí INEC kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ tó ń ka káàdì fún ìbò gbogbogbòò, wọ́n á ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ, ẹ ó tẹ̀ka, ẹ̀rọ á fi ìka yín wé èyí tó wà nínú chip. Èrò yẹn dára lórí ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìka ni ẹ̀rọ ò dá mọ̀, Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra wọn, ẹ̀rọ ò dá ìka wọn mọ̀ ní Otuoke lóṣù kẹta ọdún yẹn. Ká má tiẹ̀ sọ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn aláró tí iṣẹ́ ti fọ ìlà ọwọ́ wọn lọ.

Nísinsìnyí BVAS ni, ẹ̀rọ tuntun tí INEC fi ń dá olùdìbò mọ̀, òun ni wọ́n lò fún ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní July 16, 2022, BVAS ò sì nílò chip káàdì yín láti dá yín mọ̀, orúkọ àti ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú gbogbo àwọn tó wà ní yúníìtì yín ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n á yẹ káàdì wò láti wá orúkọ yín, wọ́n sì lè tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà olùdìbò yín, tí ìka ò bá gbà wọ́n á ya ojú yín. Nítorí náà chip tó bó ò lè dí yín lọ́wọ́, ohun tó lè dí yín lọ́wọ́ ni kí káàdì fúnra ẹ̀ sọnù tàbí kí nọ́ńbà ara ẹ̀ má ṣeé kà mọ́. Tó bá ti fẹ́ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ béèrè òmíràn ní ọ́fíìsì INEC nígbà tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìbò.

Ẹ tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà yín pé káàdì NIN yín ò jáde títí di òní. Oní-chip ni èyí tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ẹ̀ nígbà ayé Jonathan ní August 2014, ó tún ní àmì MasterCard lára, wọ́n ní yóò di ATM fún wa. Púpọ̀ nínú wa ò fojú kàn án. Ẹ fọkàn balẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn ni wọ́n ń béèrè níbi gbogbo, ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí náà tó.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń wa kòrópè láti Old Garage sí Òkè-Fìà. Wọ́n jí fóònù mi, kí n tó gba sím mi padà, owó inú àkáǹtì mi ti lọ. Fóònù yẹn ní pátánì o! ATM mi sì wà lápò mi. Ibo ni wọ́n gbà wọlé?
Awakọ̀, Old Garage

Èsì: Pẹ̀lẹ́ gan-an, Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dí i. Fóònù ni pátánì tì, kò ti sím. Sím yẹn, káàdì oní-chip gidi ni, òun àti ATM ọmọ ìyá ni wọ́n, inú ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá nọ́ńbà rẹ mọ̀ wà. Ilé iṣẹ́ Giesecke àti Devrient ní Jámánì ló ṣe àkọ́kọ́ ní 1991 fún Radiolinja ní Finland, nígbà yẹn ó tóbi tó ATM, ike yí i ká ni wọ́n ń gé kù títí tó fi di nano tó wà lóde yìí. Olè ò yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lórí pátánì rẹ, ó yọ sím, ó ki i bọ fóònù kékeré tiẹ̀, nọ́ńbà rẹ di tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo OTP tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń wọlé sí, ó tẹ koodu báńkì, ó ní òun gbàgbé password, wọ́n bá a ṣe òmíràn. Tí PIN ẹni bá wá jẹ́ ọdún ìbí ẹni, ó tán.

Ohun tó lè dá a dúró wà nínú sím fúnra ẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti rà á, wọn ò kàn sọ fún wa ni. Lọ sí settings fóònù tuntun rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ SIM lock tàbí SIM PIN sí, tan án. Láti ìgbà yẹn, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ki sím yẹn bọ fóònù míì, á kọ́kọ́ béèrè PIN, kò sì ní bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Tí olè bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, sím á ti ara ẹ̀ pa, PUK ni á máa béèrè, nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lára ike tí wọ́n yọ sím kúrò lára ẹ̀. Tó bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, sím yẹn kú pátápátá, kò sẹ́ni tó lè jí i mọ́. Ohun kan tí mo fẹ́ kó o ṣọ́: sím ti ní PIN kan tí ilé iṣẹ́ fi sí i, òun ni wàá kọ́kọ́ tẹ̀ kó o tó yí i sí tìẹ, béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà kíà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ, má méfò, torí ìwọ náà lè ti ara rẹ mọ́ta. Ike yẹn, fi í pa mọ́ sílé, má kó o sínú pọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá tún jí fóònù (kò ní ṣẹlẹ̀), báńkì ni kó o kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àkáǹtì, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n pa sím, kó o tó ronú àgọ́ ọlọ́pàá.

Mítà ilé wa àtijọ́, káàdì la fi ń ra iná ẹ̀, a máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n fi owó sí i. Tuntun tí wọ́n gbé wá, nọ́ńbà là ń tẹ̀. Landlord ní ti káàdì dára jù. Kí lẹ rí sí i?
Ayálégbé, Òta-Ẹ̀fun

Èsì: Landlord yín fẹ́ràn ayé àtijọ́ ni. Nínú káàdì mítà, owó iná wà nínú chip lóòótọ́, tó bá sọnù tàbí tó bàjẹ́ lóru Sátidé, inú òkùnkùn lẹ máa wà di ọjọ́ Ajé. Nọ́ńbà ogún yẹn, mítà yín nìkan ni wọ́n ṣe é fún, aládùúgbò ò lè tẹ̀ ẹ́ sí tiẹ̀, ẹ sì lè rà á lórí ibùsùn láàárín òru. Tí kò bá wọlé rárá, ẹ béèrè bóyá wọ́n tẹ àwọn nọ́ńbà àfikún tó yẹ kí gbogbo mítà gbà kó tó di November 24, 2024, torí mítà tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í gba owó tuntun.

Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, tí àlejò kún, gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń padà wá pé káàdì ò ṣílẹ̀kùn mọ́. Wọ́n ní fóònù ló ń bà á jẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Receptionist

Èsì: Ó dá lórí irú èyí tẹ́ ẹ ní. Tí káàdì yín bá ní ìlà dúdú lẹ́yìn, òótọ́ ni, òòfà tó wà lára ìdérí fóònù àti báàgì obìnrin ń nu ohun tó wà lórí ìlà yẹn kúrò, ẹ ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ń fi kan ilẹ̀kùn, òòfà ò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí ẹ kọ sínú káàdì, ẹni tó fi ọjọ́ kan kún ìgbà ẹ̀ tí ẹ ò tún káàdì ẹ̀ ṣe, ìta ló máa sùn. Ti ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ kí iná yàrá tó tàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ka chip rárá, ohunkóhun tó bá ti tóbi tó káàdì á tan iná. Àwọn àlejò tó mọ̀ á fi ATM há ibẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá jáde lọ sí ojúbọ, ẹ máa yẹ ihò yẹn wò kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sílé.